Ẹ Yé Fi Èrè Olùkọ́ Àwọn Akàndá Ọmọ Pamọ́ Sọ́run

Gbólóhùn kan wà tó ti di àdúrà lẹ́nu àwọn ènìyàn ilẹ̀ Rẹ́mọ, láti Ṣágámù dé Ìkẹ́nnẹ́, láti Ìperù dé Ìṣarà. Bí ìyá kan bá mú ọmọ rẹ̀ tí kò gbọ́ràn, tàbí èyí tí ọpọlọ rẹ̀ kì í tètè gba nǹkan, lọ bá olùkọ́, tí ó sì rí i lẹ́yìn oṣù mélòó kan pé ọmọ náà ti ń ṣe ohun tí kò ṣe rí, ohun tí yóò kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé, "Tíṣà, Ọlọ́run ni yóò san án fún yín." Olóṣèlú tó wá pín ìwé àti bisikíìtì níbẹ̀ lọ́jọ́ ọdún yóò wí bẹ́ẹ̀. Àlùfáà yóò wí bẹ́ẹ̀, àwọn tó wà níjòókòó yóò sì ṣe àmín. Ọ̀rọ̀ náà pé ọ̀run ni èrè olùkọ́ wà ti mọ́ àwọn ènìyàn lára débi pé kò sí ẹni tó ń béèrè mọ́ pé ta ló gbé èrè náà lọ sọ́run, àti pé kí ló dé tí kò fi lè sọ̀ kalẹ̀ síbi tí iṣẹ́ ti wáyé.

Àdúrà dára. Ṣùgbọ́n àdúrà tí wọ́n fi dípò gbèsè ti kúrò ní àdúrà, ó ti di àwáwí. Kò sí ẹni tó ń sọ fún bíríkìlà tó mọ ilé tán pé kó lọ gba owó rẹ̀ lọ́run. Awakọ̀ tó gbé èrò láti Ṣágámù dé Èkó kò ní gbà kí èrò bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú "Ọlọ́run á san án" lásán. Yorùbá ló sọ pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nídìí pẹpẹ, nídìí pẹpẹ ni yóò ti jẹun. Kí ló wá dé tó jẹ́ pé olùkọ́ tó ń kọ́ akàndá ọmọ, ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ le ju ti ọ̀pọ̀ olùkọ́ lọ, ni wọ́n ń fi ẹ̀rín músẹ́ jù sí ọwọ́ ọ̀run?

Ìdáhùn rẹ̀ kò jìnnà. Èrè méjì ló wà nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọmọ, èkejì wà lọ́wọ́ ìlú. Ọmọ ń san tirẹ̀ pé pérépéré. Ìlú ni kò san tirẹ̀, ẹ̀yìn èyí tí ọmọ san ló sì ń sá pamọ́ sí.

Ẹni tí yóò bá mọ ohun tí ọmọ ń san, ó ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí olùkọ́ ń ṣe. Bọ́tìnnì ẹ̀wù lásán tó àpẹẹrẹ. Ìyá ọmọ mìíràn yóò fi hàn án lẹ́ẹ̀mejì, ó parí. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ní Down syndrome, èyí tí wọ́n bí pẹ̀lú ẹ̀dà kan tó lé lórí kromosómù kọkànlélógún, iṣan ara rẹ̀ dẹ̀, ìka rẹ̀ kúrú, ọkàn rẹ̀ kì í sì í tètè di ìgbésẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún mú lẹ́ẹ̀kan náà. Olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ yóò gé e wẹ́wẹ́: di bọ́tìnnì mú, wá ojú ihò, ti etí rẹ̀ wọlé, fi ọwọ́ kejì gbá a mú, fà á yọ. Olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe mẹ́rin àkọ́kọ́, yóò sì fi fífà tó gbẹ̀yìn sílẹ̀ fún ọmọ, kí ọmọ náà lè kọ́kọ́ tọ́ adùn àṣeparí wò. Bí fífà bá ti mọ́ ọn lọ́wọ́, olùkọ́ yóò fi méjì sílẹ̀ fún un, lẹ́yìn náà mẹ́ta, títí gbogbo rẹ̀ yóò fi di ti ọmọ. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ó lè gba sáà ẹ̀kọ́ kan gbáko. Bọ́tìnnì nìkan nìyẹn o. Ọ̀rọ̀ ṣíbí, bàtà, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti orúkọ kíkọ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ọmọ tí kò gbọ́ràn ní ìṣòro tirẹ̀, èdè Yorùbá gan-an sì dá kún un. Àwọn kan rò pé bí olùkọ́ bá ti la ẹnu dáadáa, adití yóò ka ọ̀rọ̀ lára ètè rẹ̀. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dúró níwájú dígí, kí ó pe ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀. Ètè kò yí padà rárá. Inú ọ̀fun ni ohùn ti ń lọ sókè sódò, ojú kò sì lè rí inú ọ̀fun. Ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ tó ń sáré lójú títì àti ọ̀kọ̀ tí jagunjagun ń jù, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn lójú ẹni tí kò gbọ́ràn. Olùkọ́ tí kò gbọ́ èdè ọwọ́, tó kàn ń pariwo níwájú irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ohùn ara rẹ̀ ló ń fi ṣòfò, ọjọ́ ayé ọmọ náà ló sì ń fi ṣòfò pẹ̀lú.

Ti ọmọ tí kò ríran tún yàtọ̀. Ìlànà ìwé kíkà tí Louis Braille, ọmọ ilẹ̀ Faransé tí ojú rẹ̀ fọ́ láti kékeré, gbé kalẹ̀ ní 1824, kò ju kókó kéékèèké mẹ́fà lọ, mẹ́ta lápá òsì, mẹ́ta lápá ọ̀tún. Kí ìka ọmọ tó lè kà wọ́n, olùkọ́ ní láti kọ́ ìka náà kí ó mọ ẹ̀wà yàtọ̀ sí àgbàdo, kí ó mọ ìrẹsì yàtọ̀ sí òkúta wẹ́wẹ́. Ní ti ọmọ tó ní ọ́tísìmù, aago ilé-ìwé lásán lè dún bí ìbọn sí i létí; bí wọ́n bá ṣí i nípò láìsọ fún un tẹ́lẹ̀, ọjọ́ náà ti bàjẹ́. Olùkọ́ rẹ̀ yóò to àwòrán gbogbo ohun tí wọn yóò ṣe lọ́jọ́ náà sára ògiri, ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, kí ọkàn ọmọ lè balẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú ìmọ̀ wọ̀nyí tó bọ́ láti ojú ọ̀run. Kíkọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ, ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n sì fi ń kọ́ ọ.

Nígbà tí èso bá wá dé, kò sí ẹni tó lè pè é ní kékeré. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tí kò pe ìyá rẹ̀ rí fi ọwọ́ sọ pé "ìyá", ìyá náà sì dúró lójú kan, omijé ń dà lójú rẹ̀. Ọmọ tí wọ́n ti ń fi oúnjẹ sí lẹ́nu láti ọjọ́ tó ti dáyé gbé ṣíbí fúnra rẹ̀. Ọmọbìnrin tí wọ́n ní kò lè mọ nǹkan kan láyé ra gààrí ní ọjà Ṣábó, ó ka ṣéńjì, ó rí i pé kò pé, ó sì dúró ṣinṣin títí wọ́n fi fún un ní ìyókù. Olùkọ́ tó bá rí irú èyí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo lè máa rántí rẹ̀ fún ogún ọdún. Iṣẹ́ náà a sì máa tún olùkọ́ fúnra rẹ̀ ṣe. Ẹni tó ti gé bọ́tìnnì sí ọ̀nà márùn-ún kì í yára pe ọmọ kankan ní olódo mọ́. Ó ti mọ̀ pé bí ọmọ kò bá gbọ́ ẹ̀kọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ ọ ni kò gún. Bí wọ́n bá sì dá irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ padà sáàárín àwọn ọmọ tí kò ní ìpèníjà kankan, àwọn yẹn náà yóò jẹ nínú èrè sùúrù rẹ̀.

Ibí yìí ni ẹ̀tàn ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé ayọ̀ náà jẹ́ òtítọ́, àwọn tó jẹ gbèsè ń nàka sí i bí ẹni pé àwọn ni wọ́n san án. Wọ́n á ní, "Ẹ wo bí inú wọn ṣe ń dùn sí iṣẹ́ wọn!" Inú dókítà náà ń dùn bí aláìsàn bá dìde, síbẹ̀ ó ń gba owó oṣù. Inú àgbẹ̀ ń dùn bí iṣu bá ta, síbẹ̀ kò ní tìtorí ìdùnnú fi iṣu ta ọjà lọ́rẹ. Ayọ̀ ọmọ kò san owó ilé. Kò ra ìwé Braille, kò sì wọ ọkọ̀ láti Ògèrè dé Ṣágámù ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé. Pàtàkì jù lọ, ohun ìní olùkọ́ ni ayọ̀ náà. Òun ló fi òógùn rẹ̀ wá a. Kò sí ibi tí wọ́n ti ń fi ohun ìní ẹni san gbèsè tí wọ́n jẹ ẹni.

Ìtàn wà nídìí àṣà yìí. Ọwọ́ àánú ni iṣẹ́ náà gbà wọ Nàìjíríà. Àwọn míṣọ́nnárì ló dá ilé-ìwé àwọn afọ́jú sílẹ̀ ní Gindiri, ní agbègbè Jos, ní 1953. Ìjọ Àgùdà dá Pacelli sílẹ̀ fún àwọn afọ́jú ní Sùúrùlérè, Èkó, ní 1962. Ní Ìbàdàn, Andrew Foster ló dá ilé-ìwé sílẹ̀ fún àwọn adití ní 1960. Aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà ni. Àrùn yírùnyírùn ló sọ òun náà di adití nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 11, òun sì ni adití aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gboyè jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Gallaudet, ní 1954. Kí ó tó kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ òfurufú ní Rwanda ní 1987, ilé-ìwé tó dá sílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Áfíríkà ti lé ní 30.

Kò sí ẹni tó yẹ kó fojú tín-ín-rín irú àwọn bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbi tí kò sí nǹkan kan lè fi ọrẹ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìjọba kì í ṣe míṣọ́nnárì. Ní 1977, Nàìjíríà kọ ọ́ sínú Ìlànà Àpapọ̀ fún Ètò Ẹ̀kọ́ pé ẹ̀kọ́ àkànṣe jẹ́ ojúṣe ìjọba. Ọdún kan náà ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè lónìí ní Federal College of Education (Special) sílẹ̀ ní Ọ̀yọ́, kí wọ́n lè máa kọ́ àwọn olùkọ́ tí yóò ṣe iṣẹ́ náà. Láti ọdún yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní sàráà lábẹ́ ìlànà. Lẹ́nu àwọn ènìyàn, sàráà náà ló ṣì jẹ́. Olùkọ́ tí wọ́n kọ́ ní Ọ̀yọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ó kàwé, tí ó ṣe ìdánwò, tí ó gba ìwé-ẹ̀rí, ni wọ́n ṣì ń wò bí ẹni tó wá fi ara rẹ̀ rúbọ.

Òfin tuntun sì tún ti dé sí i. Ní oṣù kìíní ọdún 2019, Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí òfin tó ka fífi ìyà jẹ àwọn akàndá ẹ̀dá léèwọ̀. Òfin náà sọ pé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ẹ̀tọ́ akàndá ẹ̀dá títí dé ìparí ilé-ìwé gíríámà. Ó sọ pé kí ilé-ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tó kọ́ṣẹ́ nípa títọ́jú ẹ̀kọ́ irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú àwọn ohun èlò tí wọn yóò lò. Ó fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún márùn-ún láti ṣàtúnṣe sí ẹnu ọ̀nà àti àtẹ̀gùn wọn. Ọdún márùn-ún náà pé ní oṣù kìíní ọdún 2024.

Ìbéèrè tó kàn wá rọrùn. Ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́ta ló wà ní ilẹ̀ Rẹ́mọ: Ṣágámù, Ìkẹ́nnẹ́ àti Àríwá Rẹ́mọ. Kí ẹnikẹ́ni tó bá ní ọmọ ní ilé-ìwé ìjọba níbẹ̀ bi ọ̀gá ilé-ìwé náà léèrè: ta ni òṣìṣẹ́ kan tí òfin ní kó wà níbí? Bí ó bá wà, ajẹmọ́nú wo ni wọ́n ń san fún un tó yàtọ̀ sí ti ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò gba irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀? Bí kò bá sí, ọjọ́ wo ni yóò dé? Bí agbẹjọ́rò kan bá sì fẹ́ jiyàn pé òfin Abùjá kò dé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, pé ọwọ́ ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ni ìyẹn wà, ó ti ṣe ìrànlọ́wọ́ fún ẹjọ́ náà: àwọn yẹn gan-an ni ìjọba tó súnmọ́ ẹnu ọ̀nà àwọn ènìyàn Rẹ́mọ jù.

Ilẹ̀ Rẹ́mọ kò sì lè sọ pé òun kò ní ẹnu níbi tí wọ́n ti ń pín nǹkan. Ṣágámù ni Gbénga Daniel ti wá, ẹni tó jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Ògùn láti 2003 sí 2011. Ìperù ni Dàpọ̀ Abíọ́dún ti wá, ẹni tó gorí àga kan náà ní 2019. Ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ni Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, igbákejì ààrẹ nígbà tí wọ́n fọwọ́ sí òfin 2019 náà. Ìlú tó bí irú àwọn ọmọ báyìí kò lè máa ṣe bí ọmọ òrukàn nígbà tí wọ́n bá ní kó wá san gbèsè.

Àwọn méjì mìíràn wà tí orúkọ wọn wúwo ju ti ẹnikẹ́ni lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ sí ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 1909. Bàbá rẹ̀ kú ní 1920, ọmọ náà sì fi ìyà wá ìwé kà. Nígbà tó dé ipò àṣẹ, ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìíní ọdún 1955, àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ìwé sì ju 800,000 lọ lọ́dún náà. Ohun ńlá ni. Síbẹ̀, ohùn olùkọ́, pátákó àti ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ wọn, fún ọmọ tó ń gbọ́ràn tó sì ń ríran ni. Ilẹ̀kùn ṣí, ṣùgbọ́n àwọn kan kò rí àtẹ̀gùn tí wọn yóò fi gòkè dé ibẹ̀. Iṣẹ́ tí Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ kò tíì parí níwọ̀n ìgbà tí ọmọ kan bá ṣì jókòó sílé ní Ìkẹ́nnẹ́ nítorí pé kò sí ẹni tó gbọ́ èdè ọwọ́ rẹ̀.

Ẹnì kejì ni Táí Ṣólàárín. Ó fi ipò ọ̀gá sílẹ̀ ní ilé-ìwé Mólúsì ní Ìjẹ̀bú-Igbó, òun àti Sheila aya rẹ̀ sì dá Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọjọ́ 27 oṣù kìíní ọdún 1956. Níbẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ ń roko, akẹ́kọ̀ọ́ ń ṣe búlọ́ọ̀kù. Ẹ̀kọ́ kì í ṣe ohun tó wà nínú ìwé nìkan. Ṣólàárín kò fi bò rí títí ó fi kú ní 1994 pé òun kò gba Ọlọ́run gbọ́, òun kò sì retí ọ̀run kankan. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí Rẹ́mọ kò ní láti bá a gbà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀ tó yẹ kí ẹlẹ́sìn gan-an kọ́: ẹni tí kò ní ọ̀run láti sún gbèsè sí gbọ́dọ̀ ṣe ohun tó tọ́ nísinsìnyí, níhìn-ín. Ohun ìtìjú ni bí ẹni tó ní ìgbàgbọ́ bá wá fi ìgbàgbọ́ náà ṣe ibi tí yóò máa sún gbèsè sí.

Àwọn tó máa tako ọ̀rọ̀ yìí ní àwíjàre mẹ́ta. Àkọ́kọ́ ni pé owó kò sí. Pé àwọn ọmọ tí ara wọn dá ṣáṣá gan-an ń jókòó sórí ilẹ̀, kí ló wá kan ti akàndá? Àtijọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n sọ ọ́ fún Awólọ́wọ̀ náà. Owó orí tí wọ́n fẹ́ fi gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ró bí àwọn ènìyàn nínú tó bẹ́ẹ̀ tí NCNC fi na Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ ní ilẹ̀ ara rẹ̀ nínú ìdìbò àpapọ̀ 1954. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ilé-ìwé ṣí. Bí wọ́n bá ti dúró de ọjọ́ tí owó yóò pọ̀ tó, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń sọ lónìí pé owó kò sí kò bá má mọ bí wọ́n ṣe ń kọ gbólóhùn náà. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kọ́ iṣẹ́ lónìí kò ní jókòó sí ẹ̀bá títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn lọ́la kí ó máa na igbá sí ọkọ̀. Èyí tí wọn kò kọ́ kò sọ̀nù kúrò nínú ìnáwó ìlú. Ọ̀nà mìíràn ni yóò gbà padà wá, ọ̀nà náà a sì máa wọ́n jù.

Èkejì ni pé bí owó bá wọ̀ ọ́, ìfẹ́ yóò jáde. Pé àwọn tó fẹ́ owó yóò ya wọ inú iṣẹ́ náà. Kí ló dé tí ẹ̀rù yìí kì í ba wọ́n nípa iṣẹ́ aṣòfin? Ìyà kò bí ìfẹ́ rí. Àárẹ̀ ni ìyà ń bí, ìwé ìrìnnà ni àárẹ̀ sì ń bí. Ní Ìlú Ọba, àyè wà nínú ìlànà owó oṣù olùkọ́ fún ajẹmọ́nú ẹni tó ń kọ́ irú àwọn ọmọ báyìí, òfin 2014 sì sọ ọ́ di dandan kí ilé-ìwé ìjọba ní olùkọ́ kan tí yóò máa bójú tó ọ̀rọ̀ wọn. Bí olùkọ́ tí Ọ̀yọ́ kọ́ bá kó ẹrù lọ síbẹ̀, kò sí ẹni tó lè bú u. Ìfẹ́ kò kúrò nínú rẹ̀. Ó gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń bọ́ ọ ni. Nílé, ohun tí ìjọba àpapọ̀ ṣèlérí lọ́jọ́ àwọn olùkọ́ lágbàáyé, 5 oṣù kẹwàá ọdún 2020, ni ìlànà owó oṣù àkànṣe pẹ̀lú àfikún ọdún iṣẹ́. Àfikún ọdún iṣẹ́ ti di òfin ní 2022: ọdún 65 ni olùkọ́ lè fẹ̀yìn tì báyìí, dípò 60. Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ṣì wà lẹ́nu bíbéèrè owó náà lẹ́yìn èyí. Wọ́n yára fún olùkọ́ ní iṣẹ́ púpọ̀ sí i. Owó iṣẹ́ ló ń fà.

Ẹ̀kẹta ló burú jù, òun ni wọn kì í sì í sọ jáde: pé kí ni irú ọmọ yìí fẹ́ dà? Yorùbá ti dá wọn lóhùn tipẹ́. Wọ́n ní, "Amúkùn-ún, ẹrù rẹ wọ́." Ó ní òkè ni wọ́n ń wò, wọn kò wo ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń wo èsì ìdánwò akàndá ọmọ, tí kò wo ilé-ìwé tí kò ní ìwé Braille, tí kò wo olùkọ́ tí kò gbọ́ èdè ọwọ́, òkè ẹrù ló ń wò. Nígbà tí àjọ JAMB wo ìsàlẹ̀ ní 2017, tí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lábẹ́ Ọ̀jọ̀gbọ́n Peter Okebukola láti máa ṣètò ìdánwò lọ́nà tó bá àwọn afọ́jú mu, àwọn afọ́jú jókòó, wọ́n ṣe ìdánwò, àwọn kan sì wọ yunifásítì. Orí wọn kò yí padà. Tábìlì tí wọ́n tẹ́ fún wọn ló yí padà. Àwọn baba ńlá Yorùbá pàápàá, tí kò ní ilé-ìwé, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ẹni òrìṣà ni wọ́n ń pè wọ́n, iṣẹ́ ọwọ́ Ọbàtálá.

Òtítọ́ kan tún wà tí kò gbọ́dọ̀ farapamọ́: kì í ṣe ìjọba nìkan ló jẹ gbèsè. Òbí tó ti akàndá ọmọ mọ́ yàrá nígbà tí àlejò dé wà nínú rẹ̀. Alájọgbé tó ń sọ pé àjẹ́ ló fọwọ́ kàn án wà nínú rẹ̀. Ibà pọ́njú tó le lára ọmọ tuntun lè ba ọpọlọ àti etí jẹ́. Yírùnyírùn lè sọ ọmọ di adití. Kò sí àjẹ́ kankan níbẹ̀. Kí olùkọ́ tó lè kọ́ ọmọ ní "á", àìmọye ọjọ́ ló ti fi ń bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n jẹ́ kí ọmọ náà jáde rí oòrùn. Iṣẹ́ kejì nìyẹn, wọn kò sì san owó rẹ̀.

Ohun tó yẹ kí ilẹ̀ Rẹ́mọ ṣe kò ṣókùnkùn. Kí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ orúkọ gbogbo akàndá ọmọ tó wà ní agbègbè wọn sílẹ̀, ilé sí ilé, nítorí ọmọ tí wọn kò kà kò ní rí àga. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ gba olùkọ́ tó kọ́ṣẹ́ sí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe wí, kí wọ́n kọ ajẹmọ́nú wọn sínú ìwé ìṣúná, kí wọ́n sì máa san án lóṣooṣù, kì í ṣe lọ́jọ́ àjọ̀dún. Kí olùrànlọ́wọ́ wà nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, nítorí ọwọ́ méjì kò lè di bọ́tìnnì ọmọ ogún. Kí ilé ọba Akárìgbò àti àwọn ọba Rẹ́mọ yòókù fi ọ̀rọ̀ náà sí iwájú nígbà tí olóṣèlú bá wá tẹríba fún wọn. Kí àwọn ọmọ Rẹ́mọ tó wà lókè òkun, tí wọ́n ń rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀, dín owó aṣọ ẹbí kù, kí wọ́n fi ra ohun èlò etí àti ìwé Braille. Kí ìjọ àti mọ́ṣáláṣí, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣe àmín tán, béèrè lọ́wọ́ ọmọ ìjọ wọn tó jẹ́ kọmíṣánnà pé níbo ni ọ̀rọ̀ dé.

Lọ́jọ́ tí gbogbo èyí bá ṣẹlẹ̀, olùkọ́ náà yóò ṣì máa láyọ̀ bí ọmọ bá di bọ́tìnnì rẹ̀. Owó oṣù kò ní ba ayọ̀ náà jẹ́. Ìyá ọmọ yóò ṣì lè sọ pé "Ọlọ́run ni yóò san án fún yín", ọ̀rọ̀ náà yóò sì wá di àdúrà gidi, nítorí pé ẹni tó sọ ọ́ kò fi bo ohunkóhun mọ́lẹ̀. Bí ọ̀run bá ní èrè tirẹ̀ fún olùkọ́, kí ọ̀run san án nígbà tí àkókò bá tó. Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́ kò sí lọ́run. Orí ilẹ̀ ni wọ́n wà, orí ilẹ̀ ni àwọn ọmọ náà wà, orí ilẹ̀ náà ló sì yẹ kí wọ́n ti san gbèsè wọn.